Ìjàpá Tó Ń Bínú

Inú bébà àkàrà ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ọdún 1977 ni, ọdún tí àjọ̀dún àṣà FESTAC gba gbogbo ẹnu, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Òkè-Bọ́là n'Íbàdàn là ń gbé. Ìyá kan wà tó ń din àkàrà ní ìkòríta wa, tí kì í fi ewé wé e mọ́. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló fi ń wé e, tàbí ìwé táwọn ọmọ iléèwé ti kọ kún, débi pé èèyàn á jẹ àkàrà tán, á wá bá máàkì ìṣirò ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́ rẹ̀: mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Bébà tó fún mi lọ́jọ́ yẹn yàtọ̀. Ó ń dán, ó nípọn, ó sì láwọ̀. Irú ìwé táwọn òyìnbó Jẹ́ríkò àti Bódìjà máa ń kà ni. Bí wọ́n bá kà á tán, kúùkù wọn á kó o fáwọn tó ń ra bébà kiri, ibẹ̀ ló sì ń gbà dé ìdí agbada.

Mo jẹ ẹyọ kan, mo jẹ èkejì. Ìgbà tí mo gbé ẹ̀kẹta ni mo rí ìrù. Ìrù ọkọ̀ ni, àmọ́ kò sí ọkọ̀ kankan nígboro Ìbàdàn tó ní irú rẹ̀: dúdú, pẹrẹsẹ, ó nà sẹ́yìn bí àtẹ ìyá oníyọ̀. Mo fi ìka nu epo kúrò lójú ìyókù. Iná iwájú méjì roboto bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, imú tó tẹ̀ wálẹ̀, ìdí tó tóbi ju èjìká lọ, àwọ̀ fàdákà. Epo ti mu apá kan bébà náà, ó mọ́ gaara tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé ń hàn lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ ọ̀hún bí ẹni pé wọ́n fín in sí i lára.

Mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà, n kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo rí lẹ́tà u tí wọ́n fi ẹ̀kán méjì lé lórí. Èmi tí bàbá mi ti fi pàṣán kọ́ ní àmì ohùn, mo gbà pé Yorùbá ìlú kan tí n kò tíì dé ni, mo sì fi ohùn òkè pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo rí dì mú: Porsche, Turbo. “Pọ-rí-sí-ké” ni mo ń pe àkọ́kọ́ fún bí ọdún méjì gbáko, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ tó máa tọ́ mi sọ́nà.

Mo bu gàrí lé bébà náà kó lè fa epo inú rẹ̀. Eèrà wá a wá lóru. Láàárọ̀, mo gbọn ọ́n nù, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé máàpù bàbá mi, ní ojú ewé Yúróòpù, kó lè sún mọ́ ilé.

Àfi kí ẹ mọ ohun tí àwa ń gùn nílé kí ẹ tó lè mọ ohun tí àwòrán yẹn ṣe sí mi. Tíṣà ni bàbá mi. Owó tí ìjọba ń yá àwọn tíṣà ló fi ra Volkswagen 1300 ní 1970, aláwọ̀ eérú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá. Ilé-iṣẹ́ Mandilas ló ń kó wọn wọ̀lú nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ tó ń to Volkswagen pọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó kò tíì sí, ó di 1975 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ìjàpá wa wà, nítorí ọwọ́ òsì títì là ń gbà nígbà yẹn bí òyìnbó ṣe kọ́ wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Títì yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Sítíárìn wa kò yí. Bàbá mi wá di ẹni tó ń wakọ̀ létí gọ́tà, tí kò lè rí ohun tó ń bọ̀ lókèèrè bó bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó jókòó sọ́wọ́ òsì nìkan ló lè rí i. Láti ìgbà tí orí mi ti yọ lójú gíláàsì, èmi nìyẹn.

“Ọ̀nà ńkọ́?” ni bàbá mi á bi mí.

“Ó mọ́, Bàbá.” Tàbí, “Kò mọ́ sà, tírélà ń bọ̀.”

Ìyá mi tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn àbúrò mi á ti máa ka Sáàmù lábẹ́lẹ̀. Ìgbà tí èmi náà di bàbá ni ẹ̀rù iṣẹ́ yẹn tó wá bà mí: ẹ̀mí èèyàn márùn-ún, lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì mọ ìsọdipúpọ̀ oní-méje délẹ̀. Àmọ́ n kò fi ọ̀nà parọ́ rí.

Àsìkò owó epo rọ̀bì ni. Wọ́n ti san owó Udoji, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé-iṣẹ́ Kàdúná ti ń to Peugeot pọ̀ láti 1975, ẹni tó bá sì ń pe ara rẹ̀ lẹ́ni ńlá, 504 ló ń gùn. Bàbá ọmọ kan ní kíláàsì wa jẹ́ kọngilá. 504 funfun ló ń gbé ọmọ náà wá, dẹ́rẹ́bà á sọ̀ kalẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún un. Òun ló sọ mí ní Ọmọ Alábahun. Bó bá ti ń gbọ́ ìjàpá wa lókèèrè, tàkà-tàkà-tàkà bí ẹni ń gún ẹ̀gúsí gbígbẹ, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: “Yánníbo, ọkọ rẹ dé o!” Gbogbo kíláàsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ fi fèsì? Ọkọ̀ wa jọ ahun lóòótọ́, ó sì ń rìn bí ahun. Ẹni tó kọ́kọ́ fún un lórúkọ kò purọ́ mọ́ ọn.

Ohun kan péré ló fi ju tiwọn lọ, ojú ọ̀nà Èkó àtijọ́ sì ni mo ti ń rí i. Bí oòrùn bá mú gan-an, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ti dé, wàá rí 504 àti Datsun lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ gbàgà, èéfín ń yọ, àwọn olówó nínú agbádá sì ń bẹ ọmọdé abúlé pé kó bá àwọn pọnmi wá. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, fáànù kan ló ń fẹ́ ẹ, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún sì wà, níbi táwọn yòókù ń kó ẹrù sí. Bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, bàbá mi á dẹ ẹsẹ̀ lórí iná, á yọ orí síta, á fi ohùn ẹni tó dùn gan-an sọ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ọ̀nà o.” Kì í dúró. Ọ̀pọ̀ máìlì lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rín ṣì máa wà ní kọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Omi tí ìjàpá fi ń fọ gíláàsì ojú rẹ̀ pàápàá, afẹ́fẹ́ inú táyà àpamọ́ ló ń tì í jáde. Ẹni bá fọ gíláàsì jù, kó lọ fẹ́ táyà. Bàbá mi kì í jẹ́ ká fọ̀ ọ́.

Mo fi agolo sáàdíìnì àti rọ́bà sílípáàsì gbígbó ṣe Pọ-rí-sí-ké tèmi. Ìdérí agolo náà ni mo fi ṣe ìrù. Ó gé mi lọ́wọ́, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo pàdé rẹ̀, n kò rí i. Ìparí ọdún 1978 ni, à ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Mushin fún Kérésì, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìjàpá wa máa gun òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ọ̀nà tó ń lọ kò pàdé ọ̀nà tó ń bọ̀. Bàbá mi kò bi mí léèrè nǹkan kan mọ́. Ó ń kọjá ẹni tó bá wù ú láti kọjá, ìyẹn àwọn tírélà akẹ́rù méjì kan. Mo jókòó sọ́wọ́ òsì bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń lọ, ìró kan dìde lẹ́yìn wa. Kò jọ ti 504, kò jọ ti Mercedes. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ohun tí mo mọ̀, ó wá ga, ó ga sí i, kí n tó yíjú, nǹkan aláwọ̀ ọsàn kan ti já wa sílẹ̀, ìjàpá wa mì lápá òsì, iná pupa méjì ṣẹ́jú níwájú, ó parí.

“Kí nìyẹn?” ni bàbá mi wí.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti wo ohun tó ń bọ̀, ẹ̀yìn ló gbà yọ sí mi. Ojú mi kò lè jẹ́rìí. Etí mi nìkan ló di nǹkan kan mú: lábẹ́ igbe yẹn, mo gbọ́ tàkà-tàkà.

Oṣù kẹjọ ọdún 1979 ni mo tó rí i lójúkojú. Ọdún ìdìbò ni, àwòrán Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ kún ara ògiri. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ìjàpá wa já, bí ó ti máa ń já, bàbá mi sì wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọgbọ́n tí gbogbo ẹni tó ní ìjàpá gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ kí n máa ṣọ́ wọn, kí wọ́n má bàa pààrọ̀ plọ́ọ̀gì wa. Mẹkáníìkì náà, àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi ọdán tí kì í gba ọkọ̀ mìíràn ju ìjàpá lọ, mọ ìdí tí mo fi wà níbẹ̀. “Tíṣà tún ti rán ọlọ́pàá wá,” ló wí, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan gbé àpótí fún mi jókòó.

Abẹ́ ọkọ̀ wa ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta, nígbà tó ní, “Ẹ dákẹ́ ná.”

Gbogbo wa dákẹ́.

“Ẹ ò gbọ́? Ìjàpá kan ń bọ̀ o.” Ó tún fetí sílẹ̀ díẹ̀. “Ìjàpá tó ń bínú.”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà gbọ́ ọ, mo sì rántí ojú ọ̀nà Èkó. Ó yọ ní kọ́nà, ó wọ ọgbà, ó dúró níwájú mi.

Ó kéré. Ìyẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Ọdún méjì ni mo fi ń wo ìrù yẹn nínú ìwé máàpù, èyí kò ní ìrù. Eruku Ìbàdàn ti pa àwọ̀ ọsàn ara rẹ̀ dà, òkúta ti ha á nísàlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìjàpá wa lọ. Mo ń retí kí òyìnbó sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan ló jáde, ó kọ pélé, ó wọ dàńṣíkí àdìrẹ àti sálúbàtà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n.”

“Òo, ẹ káàbọ̀ sà. Kí ló ń ṣe é?”

“Ó ń húkọ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń húkọ́, á tún fẹ́ kú.”

Dókítà ni, ó kàwé ní Jámánì, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọkọ̀ náà bọ̀ nígbà tó ń padà wálé. Ó ní òun ti gbé e yí Ìbàdàn ká. Àwọn tó ń tún 504 ṣe ṣí iwájú rẹ̀, wọ́n bá táyà níbẹ̀, wọ́n dé e padà, wọ́n ní kí òun máa lọ. Mẹkáníìkì wa kò bi í léèrè ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó rìn yípo lọ sẹ́yìn, ó ṣí i.

“Wá, ọmọ tíṣà. Kí ni o kò rí níbí?”

Mo wò ó. Fáànù ńlá kan kọjú sí mi láàárín, ó dà bí òdòdó. Irin, wáyà, rọ́bà. Mo wò ó títí. “Rédíétọ̀,” ni mo wí.

“Ẹ́hẹ̀n! Kò mu omi. Ilé kan náà ni wọ́n ti bí wọn. Tiyín lójú mẹ́rin, èyí lójú mẹ́fà, ọmọ ìyá ṣì ni wọ́n. Èyí kàn lọ kọ́ ìjà ni.”

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ láì kàwé kankan. Nígbà tí wọ́n ń tú kábúrétọ̀ méjèèjì sórí àpò sìmẹ́ǹtì, ó jókòó ti mí, ó sì ṣàlàyé fún mi bí èèyàn ṣe ń sọ ìtàn ìdílé: Ferdinand Porsche ló ya ìjàpá; ọmọ rẹ̀, Ferry, ló fi ẹ́ńjìnnì ìjàpá àti àwọn nǹkan inú rẹ̀ ṣe Porsche àkọ́kọ́ ní 1948, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Gmünd ní Austria; ọmọ Ferry ló wá ya ara èyí tó wà níwájú wa, 911. Bàbá, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Ìtàn náà ní ibi tó ṣókùnkùn, nítorí Hitler ló pàṣẹ kí wọ́n ṣe ìjàpá, àmọ́ dókítà kò sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìwé ni mo ti wá kà á. Òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà. Pọ-rí-sí-ké kú lọ́jọ́ yẹn.

Agbára ẹṣin 40 ni tiwa. 125 ni ti dókítà, lítà 2.2. Mo ní kó tún un sọ.

Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi fọ ìdọ̀tí epo kúrò nínú àwọn ihò kábúrétọ̀, wọ́n ń fi ẹnu fọn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà tí wọ́n yọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n fi pépà ìha-pákó ha wọ́n. N kò ṣọ́ ìjàpá wa mọ́. Wọ́n ì bá fi plọ́ọ̀gì Porsche rọ́pò tiwa lọ́jọ́ náà, mi ò ní mọ̀, bí mo bá sì mọ̀, mo máa dúpẹ́ ni.

Ìgbà tí wọ́n dì í tán, ó kù kí wọ́n lọ dán an wò. Mẹkáníìkì jókòó síwájú pẹ̀lú dókítà. Dókítà wá yíjú sí mi, ó ní àyè ọmọdé wà lẹ́yìn. Ó wà lóòótọ́: ìjókòó kéékèèké méjì tí àgbà kankan kò lè wọ̀. Mo bọ́ sáńdà mi kí n tó wọlé, bí ẹni ń wọ pálọ̀ àlejò pàtàkì. Dókítà rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Ọwọ́ òsì ló fi ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì jí, ohùn rẹ̀ kò wá láti iwájú bíi ti ọkọ̀ ìyókù. Ẹ̀yìn orí mi gan-an ló wà, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí mi létí. Mo mọ òórùn tó gba inú ọkọ̀ náà kan. Ọ́ìlì gbígbóná, rọ́bà, àti kápẹ́ẹ̀tì tó ti lómi rí. Òórùn ọ̀nà Mushin ni. Bí mo bá di ojú, ó kù díẹ̀ kí n gbọ́ Sáàmù ìyá mi.

A rìn jẹ́jẹ́ dé Ring Road. Títì ṣófo. Dókítà tẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ kan tí n kò rí tì mí mọ́ ẹ̀yìn. Tàkà-tàkà tí mo ti mọ̀ láti kékeré sáré bá ara rẹ̀ títí kò fi sí àlàfo láàárín wọn mọ́, ó di ohùn kan ṣoṣo, ohùn náà ga, ó ní kí n máa pariwo, mo sì pariwo. Yorùbá ń pe ọkọ̀ ilé ní ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí pé ó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. A kò lórúkọ fún èyí. Mẹkáníìkì di dáṣíbọ́ọ̀dù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń sọ̀rọ̀ lókè ariwo náà:

“Ẹ rọra ní kọ́nà o, sà! Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wúwo. Bí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ lórí iná láàárín kọ́nà, ẹ̀yìn á fẹ́ di iwájú!”

“Ta ló sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n?”

“Ìjàpá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò kàn lágbára tó láti pani ni.”

Ewúrẹ́ mẹ́ta ló fòpin sí i. Wọ́n dúró láàárín títì bí ẹni tó ní i, dókítà tẹ búréèkì, a sì rọra padà. Gbogbo rẹ̀ lè má pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọgbà, dókítà sanwó, ó ń kánjú, ọmọ iṣẹ́ kan fà mí jáde, ọkọ̀ náà sì lọ. Mo dúró, mò ń gbọ́ ọ títí ó fi wọ inú ariwo Òkè-Àdó. Ìgbà náà ni mo wo ọwọ́ mi. Sáńdà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Sáńdà tuntun ni. Oṣù kan péré kí iléèwé wọlé ni ìyá mi rà á. N kò lè sọ òótọ́, nítorí bí bàbá mi bá gbọ́ pé mo fi ìjàpá sílẹ̀ wọ ọkọ̀ àjèjì, pàṣán ni. Mo ní àgbàrá ló gbé e lọ. Òjò kò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Pàṣán náà ló já sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ béèrè dókítà. Ó ní wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sókè ọya. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Dókítà lò ń wá, àbí Pọ́ṣì?” Mo sọ fún un nípa bàtà. Òun nìkan ni mo sọ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà.

Ọmọ kọngilá kò gbà mí gbọ́. Ó ní kò sí ọkọ̀ kankan láyé tó lè kọjá 504 bàbá òun. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí mo wà ní yunifásítì Ìbàdàn, mo ka ohun tí ì bá fi pa mí lẹ́nu mọ́ títí láé bí ó bá mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọ́n gbé Porsche náà jáde ní Frankfurt ní 1963, 901 lorúkọ rẹ̀. Peugeot ní àwọn ló ni òdo láàárín nọ́ńbà mẹ́ta: 404, 504, gbogbo wọn. Porsche bá fi ení rọ́pò òdo, ó di 911. Kò tán síbẹ̀. Ní Ọdún Àjíǹde 1978, nínú eré ìje Safari ní Kẹ́ńyà, nínú ẹrẹ̀ àti eruku, 504 ló gba ipò kìn-ín-ní, 911 ló ṣe ìkejì. Ọdún 1978 yẹn gan-an. Mo pa ìwé náà dé, mo sì wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bá mi kà á.

Ìgbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, nǹkan èlò ọkọ̀ gbówó lórí, bàbá mi gbé ìjàpá sórí bíríkì lẹ́yìnkùlé lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Adìyẹ yé síbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ní 1998, mo sọ fún un pé 911 tuntun ti ń lo rédíétọ̀, pé èyí tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù ti tán. Ó ronú sí i díẹ̀. “Ìyẹn ni pé òun náà ti di Peugeot,” ló wí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìjàpá ìkẹyìn ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní oṣù keje ọdún 2003, ó ní kí n má pa rédíò tó ròyìn rẹ̀, kó lè tún gbọ́ ọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2018, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Stuttgart. Òtútù ń pa mí, ó sì ní òun mọ ibi tí ooru wà. Ọkọ̀ ojú irin kan ló gbé wa dé Zuffenhausen, sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Porsche. Mo rí gbogbo wọn níbẹ̀, onírù àti aláìnírù. Èyí tí mo dúró tì jù ni ọ̀kan pupa, 901, nọ́ńbà 57, èyí tó ṣì ní òdo rẹ̀. Inú abà kan ni wọ́n ti rí i ní 2014, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, wọ́n sì fi ọdún mẹ́ta tún un ṣe. Mo ro ti igi máńgòrò àti adìyẹ.

Òṣìṣẹ́ kan ń wò mí. Mo sún mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú wo ìjókòó kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn, mo wo ilẹ̀ tó wà níwájú wọn.

“Dádì, kí lẹ ń wá níbẹ̀?” ni ọmọ mi bi mí.

“Bàtà,” ni mo wí. “Ti ẹsẹ̀ òsì.”